Àforíjì Tí Bàbá Kò Tọrọ

Nínú ìwé pẹlẹbẹ tí ìjọ wa tẹ̀ jáde lọ́dún yìí láti fi rántí àwọn àgbà tó dá a sílẹ̀, gbólóhùn mẹ́rin ni wọ́n kọ nípa bàbá tó bí bàbá mi. Wọ́n ní ará Ọ̀wọ̀ ni. Wọ́n ní òun ni wọnlẹ̀wọnlẹ̀ tó wọn ilẹ̀ ìjọ. Wọ́n ní ó darí àdúrà ẹ̀bẹ̀ fún ọdún mẹ́tàlélógún. Òtítọ́ ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ̀kẹrin sọ pé kí ó tó kú, ó ronú pìwà dà lórí ọ̀rọ̀ burúkú tó sọ sí àwọn ará wa ní Amẹ́ríkà, ó sì tọrọ àforíjì. Nítorí gbólóhùn kẹrin yìí ni mo ṣe jókòó ti tábìlì.

Ó ti pé ọdún méjì tí Bàbá ti lọ. Fọlákẹ́, ìyàwó mi, tẹ̀lé e lọ́dún tó kọjá. Òun ló yẹ kó kọ èyí, nítorí ó mọ Bàbá jù mí lọ ní ìgbẹ̀yìn ayé rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì dá ṣáká lórí ìwé kíkọ. Èmi ni mo ń sún kíkọ rẹ̀ síwájú, títí kò fi sí ẹni tí mo lè sún un sí lọ́wọ́ mọ́.

Ìgbà tí wọ́n ṣì ń ti Ìbàdàn ṣèjọba lé Benin lórí ni iṣẹ́ ìjọba gbé Bàbá dé ibí. Nígbà tí wọ́n pín ẹkùn, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ padà sílé. Òun ní òun ti mọ ilẹ̀ ibí ju ti Ọ̀wọ̀ lọ. Ó kọ́lé sí Aduwawa nígbà tí ibẹ̀ ṣì jẹ́ igbó lẹ́bàá ọ̀nà Auchi, ibẹ̀ náà ni mo sì dàgbà sí lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́yìn tí bàbá mi kú. Baba Survey ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, kì í jáde láìdé àkẹtẹ̀.

Ẹnikẹ́ni tó bá ti ra ilẹ̀ rí ní Benin mọ ohun tí ojú ń rí: ilẹ̀ kan, onílẹ̀ méjì, ìwé mẹ́ta. Bàbá kì í fọwọ́ sí àwòrán ilẹ̀ títí yóò fi jókòó pẹ̀lú àwọn ará ààlà rẹ̀, lọ́tùn-ún, lósì, níwájú, lẹ́yìn. Bí ọ̀kan nínú wọn bá rìnrìn àjò, á dúró dè é. Èyí máa ń bí àwọn tó gbé iṣẹ́ fún un nínú. Mo rántí ọ̀gbẹ́ni kan tó dúró lójúde wa, tó ń pariwo.

“Baba Survey, na my land! Wetin concern those people?”

Bàbá ń bó ọsàn rẹ̀ lọ. “Mo gbọ́. Ta ló wà lọ́wọ́ òsì rẹ?”

“One useless woman.”

“Ó dáa. Kí ni aláìwúlò náà sọ?”

Ọkùnrin náà bú u, ó wọ mọ́tò, ó lọ. Bàbá jẹ ọsàn tán kó tó yíjú sí mi. “Ìwé tí ẹnìkan ṣoṣo bá sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe àwòrán ilẹ̀,” ó ní. “Ohun tí ọkàn rẹ̀ fẹ́ ni.”

Àṣà yìí náà ló gbé wọ inú àdúrà. Ní Ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ oṣù kọ̀ọ̀kan, òun ló máa ń bọ́ síwájú pẹpẹ láti gba àdúrà ẹ̀bẹ̀, àwọn ará á sì ti kọ ohun tí wọ́n fẹ́ fún un ṣáájú. Bí ó bá jẹ́ ti àìsàn tàbí ti ìrìn àjò, kò sí ìṣòro. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ti ìjà, Bàbá á kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ ẹnì kejì. Obìnrin kan ní kó bá òun bẹ Ọlọ́run kó mú àbúrò ọkọ òun kúrò lọ́nà. Bàbá wọ ọkọ̀ lọ sí àdúgbò Ugbor, ó jókòó ti àbúrò ọkọ náà, ó jẹ ìrẹsì níbẹ̀, ó padà wá sọ fún obìnrin náà pé, “Mo ti dé ọ̀dọ̀ wọn. Ẹ̀yin náà ní ẹjọ́ díẹ̀ láti rò.” Obìnrin náà kó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì mìíràn, níbi tí àdúrà ti máa ń yá.

Ojú wọnlẹ̀wọnlẹ̀ yìí ló fi ń wo Amẹ́ríkà, kò sì rí ohun kan tó wù ú nínú iṣẹ́ tí ìjọba wọn ń ṣe lórí ilẹ̀ onílẹ̀. Máàpù ayé ńlá kan wà lára ògiri pálọ̀ rẹ̀. Bí ìròyìn bá sọ pé wọ́n ti kó ọmọ ogun lọ síbì kan, á dìde pẹ̀lú rúlà, á wọn bí ibẹ̀ ṣe jìnnà sí Amẹ́ríkà tó, á sì kéde rẹ̀ fún ẹni tó bá wà nílé. Lẹ́yìn náà á béèrè pé, “Nínú àwọn ará ààlà ibẹ̀, ta ló ránṣẹ́ pè wọ́n?” Nígbà mìíràn ìdáhùn wà, nítorí àwọn kan ránṣẹ́ pè wọ́n lóòótọ́. Bàbá á gbà bẹ́ẹ̀. “Ó dáa, wọ́n pè wọ́n. Ọjọ́ wo ni wọ́n ń lọ?”

Ohun tó máa ń bí i nínú jù ni ẹnu ńlá wọn lórí ìjọba tiwa-n-tiwa. Ní àwọn ọdún tí ológun fi ń tẹ̀ wá mọ́lẹ̀ níbí, tí wọ́n ń ti akọ̀ròyìn mọ́lé, tí akẹ́kọ̀ọ́ ń sá fún ọta, Amẹ́ríkà bá wọn wí gan-an ni. Ọkọ̀ ojú omi wọn kò sì ṣíwọ́ gbígbé epo wa lọ. Bàbá ka ìbáwí náà nínú ìwé ìròyìn, ó ká ìwé náà, ó fi lé orí àga. “Wọ́n ń bá ológun wa wí,” ó ní, “láti orí ọkọ̀ epo.”

Ẹni tó bá torí èyí rò pé Bàbá kórìíra ará Amẹ́ríkà kò mọ̀ ọ́n. Kí wọ́n tó bí mi, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan wá kọ́ni ní ìṣirò ní ilé ẹ̀kọ́ kan nílùú yìí. Tọ́mù ni wọ́n ń pè é. Ní ọjọ́ Sátidé, ó máa ń bá Bàbá fa ṣéènì ìwọnlẹ̀ wọ inú igbó. Ẹ̀fọn á jẹ ẹ́, èèrà á jẹ ẹ́, á máa rẹ́rìn-ín. Màmá, ìyá mi àgbà, ló kọ́ ọ bí a ṣe ń gbé iyán mì láìrún un. Nígbà tí àkókò rẹ̀ pé, ó padà sílé, ìjọba wọn sì kó o lọ sójú ogun ní Vietnam. Ìyá rẹ̀ ló kọ lẹ́tà sí Bàbá pé kò padà wá. Bàbá kì í sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo bi í léèrè ohun tí Tọ́mù wá lọ sí Vietnam. “Kò wá nǹkan kan lọ,” ó ní. “Àwọn tó ń wá nǹkan jókòó sílé.”

Èmi kò tètè gbọ́n. Ní 1991, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ni mí, mo sì wà lára àwọn tó kóra jọ sí pálọ̀ Alájì, aládùúgbò wa tó ń ta táyà, nítorí pé tẹlifíṣàn rẹ̀ tóbi ju ti ẹnikẹ́ni lọ. Ará Ìwó ni Alájì. Òun ni ọ̀rẹ́ Bàbá jù lọ ní Aduwawa. Wọ́n ń fi ogun Ìráàkì àkọ́kọ́ hàn. Iná ń bù yẹ̀rì lójú ọ̀run Bàgídádì, àwa ń pàtẹ́wọ́ bí ẹni pé bọ́ọ̀lù ni. Bàbá wọlé, ó dúró lẹ́yìn àga.

“Mélòó sí mélòó?” ó béèrè.

“Baba, America dey lead!” ẹnìkan dáhùn. Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín.

Bàbá na ọ̀pá rẹ̀ sí ojú tẹlifíṣàn. “Ibi tí èyí bọ́ sí yẹn, yàrá ta ni?”

Alájì dìde, ó pa tẹlifíṣàn náà. Ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé kò tíì pàtẹ́wọ́ láti ìgbà tí a ti jókòó.

Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, nígbà tí àwọn apààyàn fi ọkọ̀ òfuurufú wó ilé gogoro méjì ní Amẹ́ríkà, Sùlé, àkọ́bí Alájì, ra ẹ̀wù kan tí wọ́n tẹ àwòrán olórí àwọn apààyàn náà sí láyà. Wọ́n ń tà á ní gbangba nígbà náà. Sùlé kì í ṣe ọmọdé. Ó ti níyàwó, òun ló ń mójú tó ìsọ̀ táyà. Bàbá pè é bó ṣe ń kọjá.

“Sùlé, ta nìyẹn?”

“Bàbá, ẹ mọ̀ ọ́n. Akọni ni.”

“Ìlú wo ni wọ́n ti bí i?”

Sùlé rẹ́rìn-ín. “Ẹ̀yin náà, Bàbá! Mi ò mọ ìlú rẹ̀ o. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ó fi ojú wọn rí nǹkan.”

“Àwọn tó ń gbálẹ̀ nínú ilé gogoro yẹn ńkọ́? Àwọn tó ń se oúnjẹ níbẹ̀? Èwo nínú wọn ló ju bọ́ǹbù lu ẹnikẹ́ni?”

“Bàbá, bọ́ǹbù tó pa ọmọ ọwọ́ ní Ìráàkì, kí ló kọ́kọ́ bi ọmọ náà?”

Bàbá ní kò bi ọmọ náà ní nǹkan kan. Ó ní kí Sùlé lọ bọ́ ẹ̀wù náà, nítorí èèyàn bí ìyá rẹ̀ kú síbẹ̀. Sùlé lọ bọ́ ọ. Kì í ṣe pé ó gbà. Ọ̀wọ̀ ló fún un. Fọlákẹ́, tó ń tẹ́tí lẹ́nu ọ̀nà, ní aláìnírònú ni Sùlé.

“Ìyàwó, má bú u,” ni Bàbá wí. “Bọ́ǹbù kan tí wọ́n bá jù, ẹ̀wù mẹ́wàá irú ìyẹn ló ń rán.”

Mo ní láti sọ ọ̀rọ̀ ibojì kí n tó dé orí ọ̀rọ̀ tó fa gbogbo wàhálà. Màmá kú ní 1996. Òun lẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n sin sí ilẹ̀ ìsìnkú tó wà lẹ́yìn ilé ìjọsìn wa. Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, Bàbá fúnra rẹ̀ ló wọn ibẹ̀. A bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí ẹlòmíràn ṣe é, kò gbà. Ó wọn méjì. Ó fi ẹsẹ̀ tẹ ìkejì, ó wí fún akọ̀wé ìjọ pé, “Kọ ọ́ sílẹ̀. Ibí ni tèmi.” Láti ọjọ́ náà, lẹ́yìn ìsìn gbogbo, á lọ síbẹ̀, á fa koríko, á bá Màmá sọ ohun tí kò kan ẹnikẹ́ni. Òfin ìjọ sì sọ pé ẹni tí kò bá wà ní ìrẹ́pọ̀ pẹ̀lú ìjọ kò ní ibojì níbẹ̀. Bàbá mọ òfin náà. Ó wà lára àwọn tó kọ ọ́. Kò sí ohun mìíràn tó tún ń retí láyé ju pé kí wọ́n tẹ́ òun sẹ́gbẹ̀ẹ́ Màmá.

Ní 2003, nígbà tí Amẹ́ríkà ń palẹ̀ mọ́ láti tún wọ Ìráàkì, lẹ́tà kan dé láti ọ̀dọ̀ ìjọ kan lọ́hùn-ún tó ń bá tiwa ṣọ̀rẹ́. Àwọn ló fún wa ní páànù tó wà lórí wa àti dùùrù tí a fi ń kọrin, wọ́n sì ti ṣèlérí bọ́ọ̀sì. Wọ́n ní kí a rántí àwọn ọmọ wọn tó ń lọ sójú ogun nínú àdúrà. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Pásítọ̀ wa ló fi tirẹ̀ kún un. Ó tẹ àdúrà sórí ìwé fún Bàbá pé kí Ọlọ́run fi àwọn ọ̀tá Amẹ́ríkà ṣe àpótí ìtìsẹ̀, kí iná jó ibùgbé wọn, kí ilẹ̀ wọn dahoro. Ó tún pe oní-fídíò kan kó wá ya ìsìn náà, kí a lè fi kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ránṣẹ́.

Inú yàrá ìmúra ni Bàbá ti ka ìwé náà. Mo wà níbẹ̀ pẹ̀lú wọn.

“Pásítọ̀, ṣé ẹ ti gbọ́ tẹnu àwọn ará ibẹ̀?”

“Àwọn ará ibo, Bàbá?”

“Ìráàkì.”

Pásítọ̀ rẹ́rìn-ín. “Báwo la ṣe fẹ́ gbọ́ tẹnu wọn? Ṣé kí n wọ mọ́tò lọ sí Bàgídádì ni?”

“Amẹ́ríkà ti rí ọkọ̀ wọ lọ.”

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ ṣáà ka ohun tó wà níbẹ̀. Wọ́n ń yà wá.”

“Ó dáa,” ni Bàbá wí. Ó ká ìwé náà, ó tì í bọ àpò.

Ó bọ́ síwájú pẹpẹ, ó kúnlẹ̀, ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin. Mo ṣì mọ àdúrà náà sórí.

“Olúwa, àwọn ọmọ tí wọ́n rán lọ sógun yìí, dá wọn padà sílé kí wọ́n tó pa ẹnikẹ́ni, kí ẹnikẹ́ni sì tó pa wọ́n.”

“Àmín!” ni gbogbo ìjọ wí.

“Àwọn ìyá tó wà ní Bàgídádì lónìí, tí wọ́n gbọ́ pé ogun ń bọ̀, fi ọwọ́ rẹ bo òrùlé wọn.”

“Àmín!”

“Àwọn tó rán àwọn ọmọ yìí níṣẹ́, tí àwọn fúnra wọn jókòó sílé, má ṣe jẹ́ kí wọ́n rí oorun sùn títí wọn yóò fi ronú.”

Ohùn Bàbá máa ń lọ sókè ní ìparí àdúrà, dùùrù á tẹ̀lé e, ìjọ wa kì í sì í fi Àmín falẹ̀. “Àmín! Àmín! Àmín!” ni wọ́n pariwo. Àwọn kan fò sókè. Ó tó ìṣẹ́jú kan gbáko kí ojú tó bẹ̀rẹ̀ sí í pa dà, kí ọkọ tó bẹ̀rẹ̀ sí í wo aya rẹ̀.

Èyí tó wá ju gbogbo rẹ̀ lọ ni kásẹ́ẹ̀tì. Pásítọ̀ kò dá a dúró. Ó ní ta ló fẹ́ gbọ́ Yorùbá lọ́hùn-ún, wọn yóò ṣáà rí i pé a gbàdúrà, wọn yóò sì rí bí a ṣe ń fò. Òyìnbó kò gbọ́ Yorùbá lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì kan wà nínú ìjọ wọn, ọmọ Ìlá, ó jókòó tì wọ́n, ó túmọ̀ rẹ̀ fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, títí kan iye ìgbà tí a ṣe Àmín. A kò gbúròó bọ́ọ̀sì mọ́.

Ìgbìmọ̀ pe Bàbá. Pásítọ̀ ní ó ti dójú ti ìjọ, kí ó kọ ìwé, kí ó tọrọ àforíjì, kí wọ́n lè fi ránṣẹ́. Bàbá béèrè pé, “Èwo nínú àdúrà náà ni kí n gbà padà? Ṣé kí àwọn ọmọ wọn má padà sílé ni?” Ọ̀kan nínú wọn ní, “Bàbá, ẹ má sọ ọ́ báyẹn.” Bàbá ní, “Ẹ bá mi sọ bí ẹ ṣe fẹ́ kí n sọ ọ́.” Wọ́n gba àdúrà ẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ìjọ pé kò sí ní ìrẹ́pọ̀ títí yóò fi tọrọ àforíjì. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ó lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì ìkẹyìn, kò sì pa Ọjọ́ Ìsinmi kankan jẹ títí ara rẹ̀ kò fi gbé e mọ́.

Alájì gbọ́ nípa àdúrà náà, ó gbé iṣu mẹ́fà wá láti fi dúpẹ́. Bàbá bínú. Ó ní òun kò gbàdúrà fún olórí Ìráàkì, apààyàn ni ọkùnrin yẹn náà, àwọn ará ilé rẹ̀ ló sì kọ́kọ́ pa. Ó ní bí Alájì bá fẹ́ kí òun gba iṣu, kí Sùlé kọ́kọ́ wá bá òun ṣọ̀fọ̀ àwọn tó kú sínú ilé gogoro.

Alájì lanu. “Wọnlẹ̀wọnlẹ̀, ṣé ẹ̀yin ò ní ọ̀rẹ́ kankan láyé yìí ni?”

“Mo ní. Ìwọ ni. Gbé iṣu rẹ síbẹ̀ yẹn.”

Báńkì kan ní GRA ni Fọlákẹ́ ti ń ṣiṣẹ́, lẹ́tà kíkọ sì wà lára iṣẹ́ rẹ̀. Ó kọ ìwé àforíjì kan fún Bàbá, ó rọ̀ bí òwú, kò sí ohun tó lè gún ẹnikẹ́ni lára níbẹ̀. Bàbá fi bírò pupa tún àmì ọ̀rọ̀ mẹ́ta ṣe, ó sì dá a padà.

“Ẹ ò fọwọ́ sí i, Bàbá.”

“‘Mo kábàámọ̀.’ Kí ni mo kábàámọ̀, Ìyàwó?”

“Ọ̀rọ̀ lásán ni. Ẹ ṣáà fọwọ́ sí i. Ẹ rántí Màmá.”

“Má fi Màmá halẹ̀ mọ́ mi. Òun ni mo ń fi halẹ̀ mọ́ ara mi lójoojúmọ́.”

Láti Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e ni Fọlákẹ́ ti kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, tó lọ ń jókòó ti Bàbá lẹ́yìn. Èmi dúró sí ààyè mi ní àárín.

Ọjọ́ ogbó kò rọ ẹnu rẹ̀. Ní 2011, ọmọbìnrin wa, tó ń gbọ́ Yorùbá ṣùgbọ́n tí kì í fi dáhùn, sáré wọlé pé, “Grandpa, dem don kill the man o! America don kill am!” Bàbá ní, “Wọ́n pa á? Ó dáa. Àwọn tó wọ ẹ̀wù rẹ̀ ńkọ́?” Ọmọ náà ní, “Which shirt?” Lọ́dún náà kan náà, Amẹ́ríkà àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Yúróòpù ń ju bọ́ǹbù sí Líbíà, wọ́n ní àwọn ń gba àwọn èèyàn ibẹ̀ là. Bàbá ní kí n gbé òun dìde. Kì í ṣe ti Amẹ́ríkà ló wọ̀n lọ́jọ́ náà. Láti Líbíà sí Maiduguri ló wọ̀n. Mo ní aṣálẹ̀ ńlá ló wà láàárín wọn, ta ni yóò gba ibẹ̀ kọjá. Ó wò mí bí ẹni tó ń wo ọmọ tó ti kàwé dànù. “Ìbọn kì í tò fún físà,” ó ní.

Ó kú ní 2012, lórí ibùsùn rẹ̀, ní àárọ̀, Fọlákẹ́ ń ro ògì fún un lọ́wọ́. Ìgbìmọ̀ dé lọ́jọ́ kẹta. Wọ́n kẹ́dùn, wọ́n kọrin, lẹ́yìn náà Pásítọ̀ mú ìwé kan jáde.

“Àwa náà fẹ́ sin Bàbá síbi tó fẹ́,” ó ní. “Ṣùgbọ́n ohun tí a kọ ti wà nínú ìwé. Bí ẹnìkan nínú ẹbí bá lè jẹ́rìí pé ó sọ ọ́ lẹ́nu kó tó kú, pé ó tọrọ àforíjì, ọ̀rọ̀ ti tán.”

“Kò sọ ọ́,” ni Fọlákẹ́ wí.

“Ìyá, bóyá ọkọ yín ló gbọ́.”

Gbogbo wọn yíjú sí mi. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n rò ó. Nígbà tí wọ́n lọ tán, Fọlákẹ́ bá mi ní yàrá ìdáná.

“Má fọwọ́ sí i. A ó gbé e lọ sí Ọ̀wọ̀.”

“Màmá wà níbí.”

“Bàbá mọ̀ pé Màmá wà níbí. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi mọ̀ ọ́n.”

Lọ́jọ́ kejì, mo lọ sọ́dọ̀ akọ̀wé ìjọ láìsọ fún Fọlákẹ́, mo sì fọwọ́ sí i.

Lọ́jọ́ ìsìnkú, ṣọ́ọ̀ṣì kún. Pásítọ̀ ka ìwé náà láti orí pẹpẹ. Ó tún fi tirẹ̀ kún un, gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀: ó ní Bàbá súre fún àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà lórí ibùsùn ikú. Ìjọ ṣe Àmín. Fọlákẹ́ dìde lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó gba àárín ṣọ́ọ̀ṣì kọjá, kò yára, ó lọ jókòó sínú mọ́tò. A gbé Bàbá lọ sẹ́yìn, a tẹ́ ẹ síbi tó wọ̀n fún ara rẹ̀. Nígbà tí a délé ni Fọlákẹ́ tó la ẹnu. “Ibi tí Bàbá fẹ́ lo sin ín sí,” ó ní. “Ẹlòmíràn lo sin síbẹ̀.”

Kò tún bá mi jà lórí rẹ̀. Nígbà tí àìsàn gbé e dè, ẹ̀ẹ̀mejì ló béèrè bóyá mo ti kọ ọ̀rọ̀ Bàbá sílẹ̀ bó ṣe rí. Mo ní kí ara rẹ̀ yá ná, a ó jọ kọ ọ́. Ó ní kí wọ́n má sin òun sí ilẹ̀ ìjọ. Ó wà ní Iléṣà báyìí, nínú ọgbà bàbá rẹ̀, àyè sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fún mi. Mo ti wá mọ ohun tí mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Kò sí ìwé tí mi ò ní fọwọ́ sí láyé yìí bí wọ́n bá fi àyè yẹn halẹ̀ mọ́ mi. Bàbá nífẹ̀ẹ́ Màmá tó bí mo ṣe nífẹ̀ẹ́ Fọlákẹ́, wọ́n gbé ìwé kan ṣoṣo wá bá a, kò sì fọwọ́ sí i.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Ní ọ̀sẹ̀ tí Bàbá kú, mo jókòó tì í, mo sì bi í léèrè gbangba: “Bàbá, ọ̀rọ̀ ìjọ ńkọ́? Ṣé kí n lọ bá wọn?” Ojú rẹ̀ mọ́ kedere. Ó ní, “Sọ fún Pásítọ̀ pé bí ẹyọ kan nínú àwọn ọmọ yẹn bá padà sílé láàyè, tèmi ni Ọlọ́run gbọ́, kì í ṣe tirẹ̀.” Kò sọ ohun mìíràn lórí rẹ̀. Kò súre fún ọmọ ogun kankan. Kò tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Èmi ni mo jẹ́rìí èké, pẹ̀lú orúkọ mi àti ọwọ́ mi.

Lánàá ni mo mú ẹ̀dà ìwé yìí lọ fún ìgbìmọ̀. Akọ̀wé kà á lórí ìdúró, ó bi mí bóyá mo mọ̀ pé òfin fún wọn láyè láti hú òkú Bàbá. Mo ní mo mọ̀. Mo ti bá àwọn ará wa ní Ọ̀wọ̀ sọ̀rọ̀, wọ́n sì ti fi àyè sílẹ̀. Mo ní kí ó bá mi sọ fún Pásítọ̀ pé lọ́jọ́ tí wọ́n bá hú Bàbá, kí wọ́n hú Màmá pẹ̀lú. Àwọn méjèèjì la ó gbé.